Kọfí, Ìlẹ̀kẹ̀ àti Òrí: Àwọn Ohun Tí Ítálì Fi Orúkọ Rẹ̀ Sí

Ní àsìkò ọyẹ́, òtútù a máa mú ní òwúrọ̀ ní Kalpohin, àdúgbò kan ní Tamale ní ìhà àríwá orílẹ̀-èdè Gánà, tó bẹ́ẹ̀ tí ẹni tí kò bá tí ì rí ohun gbígbóná mu kò ní fẹ́ bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀. Kí oòrùn tó yọ ni àwọn tí ń ta tíì ti tẹ́ tábìlì wọn sí ẹ̀bá ọ̀nà. Kẹ́tùrù ńlá wà lórí iná ẹ̀édú. Agolo mílíìkì, agolo Milo, agolo Nescafé àti páálí ṣúgà tò lọ rẹrẹ. Búrẹ́dì wà nínú àpótí onígíláàsì. Ẹyin wà nínú àwo, ó ń dúró de òróró. Ohunkóhun tí ènìyàn bá fẹ́ mu nínú gbogbo rẹ̀, tíì ni orúkọ rẹ̀. Àwa Yorùbá kò lè fi èyí rẹ́rìn-ín, nítorí bákan náà ni a ń ṣe nílé: tíì ni Bournvita, tíì ni Ovaltine, tíì ni kọfí pẹ̀lú.

Tamale kò ṣe àjèjì sí àwọn ènìyàn wa. Àwọn ará Ògbómọ̀ṣọ́, Ìgbòho, Ìgbẹ́tì, Ṣakí, Ọ̀ffà àti Ìlọrin ti ṣòwò níbẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún, wọ́n bímọ síbẹ̀, wọ́n kọ́lé síbẹ̀, títí di oṣù kọkànlá ọdún 1969, nígbà tí ìjọba Busia fún àwọn àjèjì tí kò ní ìwé ìgbélùú ní ọ̀sẹ̀ méjì péré kí wọ́n kó ẹrù wọn. Ìtàn yẹn ní ọjọ́ tirẹ̀. Ohun tí ó mú wa mú kálàmù lónìí ni ọ̀rọ̀ kan tí a gbọ́ ní ìdí tábìlì tíì ní Kalpohin.

A jókòó lórí bẹ́ǹṣì, ọ̀dọ́mọkùnrin kan sì dúró lórí alùpùpù rẹ̀, kò tilẹ̀ sọ̀ kalẹ̀, ó ní kí wọ́n fún òun ní cappuccino. Mai shayi (bẹ́ẹ̀ ni àwọn tí ń sọ Haúsá ṣe ń pe ẹni tí ń ta tíì, àwọn ará Ìbàdàn tí ó mọ Sábó kò sì ní ṣàì mọ orúkọ náà) na ọwọ́ sí àpò pélébé kan tí ó so rọ̀, ó já a, ó dà á sínú ife, ó bu omi gbígbóná lé e, ó sì ń dà á láti inú ife kan sínú èkejì láti òkè wá títí ó fi hó. Ọ̀rọ̀ Ítálì ni a kọ sí ara àpò náà gàdàgbà. Ohun tí ó wà nínú rẹ̀ kò ju ìyẹ̀fun kọfí, ìyẹ̀fun mílíìkì àti ṣúgà lọ. A wá ń bi ara wa léèrè pé, ọ̀nà wo ni èdè Ítálì gbà dé orí tábìlì yìí?

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ tú àwọn ọ̀rọ̀ náà, nítorí àwọn olùkọ́ tí ń ka ìwé wa yóò fẹ́ fi yé àwọn ọmọ. Àwọn ajẹ́jẹ̀ẹ́ kan wà nínú ìjọ Àgùdà tí à ń pè ní Capuchin, tí ẹ̀wù wọn jẹ́ pupa rúsúrúsú, tí ó sì ní ìborí lẹ́yìn. Kọfí tí a da mílíìkì sí títí àwọ̀ rẹ̀ fi rí bí ẹ̀wù àwọn ènìyàn wọ̀nyí ni cappuccino. Ní Vienna gan-an ni wọ́n ti kọ́kọ́ fi àwọn ajẹ́jẹ̀ẹ́ náà sọ kọfí lórúkọ, kí Ítálì tó sọ ọ́ di tirẹ̀. Latte tí àwọn ọmọ ọlọ́lá ń béèrè ní hòtẹ́ẹ̀lì kò ju mílíìkì lọ. Bí ènìyàn bá béèrè latte lásán ní Róòmù, ife mílíìkì ni wọn yóò gbé fún un, ojú yóò sì tì í. Macchiato ni èyí tí a ta mílíìkì sí lára bí àbàwọ́n. Espresso sì ni èyí tí a fi agbára tẹ̀ jáde lójú ẹsẹ̀ fún ẹni tí ó béèrè.

Orí espresso yìí ni gbogbo ọlá náà dúró lé. Ní ọdún 1884, ọkùnrin kan ní ìlú Torino, Angelo Moriondo, gba ìwé àṣẹ lórí ẹ̀rọ kan tí ó ń fi ooru omi ṣe kọfí fún ọ̀pọ̀ ènìyàn lẹ́ẹ̀kan náà. Ní 1901, Luigi Bezzera ti Milan ṣe èyí tí ó lè ṣe é ní ife kọ̀ọ̀kan. Desiderio Pavoni ra ẹ̀tọ́ náà lọ́wọ́ rẹ̀, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí tà á. Lẹ́yìn ogun Hitler ni Achille Gaggia fi ọ̀pá tí a ń fi ọwọ́ fà sí i, tí omi gbígbóná fi ń fi agbára ńlá la inú ìyẹ̀fun kọfí kọjá, tí ìfófó pupa fẹ́ẹ́rẹ́ sì fi ń bo ojú rẹ̀. Ìwọ̀n tí àwọn Ítálì fi ọwọ́ sí ni kọfí gíráàmù 7, kí ohun tí yóò kán sínú ife jẹ́ mililítà 25, láàárín ìṣẹ́jú-àáyá 25. Ẹni tí ó rà á yóò dúró ní ìdí kántà, yóò gbé e mì ní ẹ̀ẹ̀mejì tàbí ẹ̀ẹ̀mẹta, yóò sì bá tirẹ̀ lọ. Fún àwọn tí kò lè gbé irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ sílé, Alfonso Bialetti ti ṣe ìkòkò kékeré alumíníọ̀mù kan tí à ń pè ní Moka láti 1933. Nígbà tí ọmọ rẹ̀ Renato, ẹni tí ó sọ ìkòkò náà di olókìkí, kú ní 2016, inú Moka ńlá kan ni wọ́n kó eérú ara rẹ̀ sí. Àwa kò ní kí ẹnikẹ́ni nínú wa ṣe bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tí yóò sọ pé àwọn ènìyàn náà kò fẹ́ràn iṣẹ́ ọwọ́ wọn.

Láti Milan ni ẹ̀rọ náà ti rìnrìn àjò. Ní 1953, wọ́n ṣí ilé kọfí kan, Moka Bar, ní Frith Street ní Soho ní Lọ́ńdọ̀nù. Gina Lollobrigida, òṣèré sinimá ará Ítálì, ni ó wá ṣí i. Láàárín ọdún díẹ̀, irú ilé bẹ́ẹ̀ ti kún ìlú náà, ní àkókò gan-an tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wa ń pọ̀ sí i níbẹ̀. Ní 1983 ni Howard Schultz, òṣìṣẹ́ Starbucks ti ilẹ̀ Amẹ́ríkà, lọ sí Milan, tí ó rí ilé kọfí ní gbogbo orígun òpópónà, tí ó sì gbé àwọn orúkọ náà lọ sílé. Amẹ́ríkà ni ó wá tan latte àti cappuccino ká gbogbo ayé. Títí di 2018 ni Starbucks kò fi ní ilé kan ṣoṣo ní Ítálì.

Nísinsìnyí, ẹ gbọ́ èyí. Ítálì kò ní oko kọfí. Bí a bá yọ ìwọ̀nba igi díẹ̀ tí àwọn kan fi ń dán ilẹ̀ wò ní erékùṣù Sicily sí apá kan, kò sí kóró kọfí kan tí ń hù níbẹ̀ tí a lè fi kún ilé ìtajà. Láti Bùràsíìlì, Vietnam, India àti Ùgáńdà ni ó ti ń rà á, ó sì wà lára àwọn tí ń ra kọfí Ùgáńdà jù lọ ní ayé. Irú kọfí tí à ń pè ní robusta, ọmọ bíbí ilẹ̀ Áfíríkà, tí ń hù ní Ùgáńdà, ní Ivory Coast, ní Tógò, àti ní ilẹ̀ tiwa ní ìhà Kábbà, òun ni àwọn ará gúúsù Ítálì fẹ́ràn láti dà pọ̀ mọ́ èkejì rẹ̀, kí ohun tí wọ́n ń mu lè nípọn, kí ìfófó rẹ̀ má sì tètè ṣá. Áfíríkà wà nínú ife náà, ṣùgbọ́n orúkọ rẹ̀ kò sí lára ife.

Kò yẹ kí èyí ya wá lẹ́nu púpọ̀. Kí ni ìdí tí a fi ń pe obì aláwẹ́ méjì ní gbànja? Gonja ni ẹnu wa yí padà bẹ́ẹ̀. Gonja ni ilẹ̀ tí ó múlé ti Tamale, Salaga tí ó wà nínú rẹ̀ sì jẹ́ ọjà obì tí òkìkí rẹ̀ kàn dé ilẹ̀ Haúsá ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún. Bẹ́ẹ̀, ilẹ̀ ọ̀dàn ni Salaga. Kì í ṣe ibẹ̀ ni obì ti ń hù. Inú igbó Asante ni wọ́n ti ń ká a, tí wọ́n ń fi orí ènìyàn àti kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ rù ú wá. Asante gbìn ín, Gonja sì gba orúkọ, nítorí ní Salaga ni a ti ń ṣà á, tí a ń kà á, tí a ń dì í, tí a ń dá owó lé e. Ìbátan sì ni obì àti kọfí, nítorí ohun kan náà tí kì í jẹ́ kí ẹni tí ó mu kọfí sùn ni ó wà nínú obì. Ohun tí Salaga ṣe fún obì ni Milan ṣe fún kọfí, àfi pé Milan fi ẹ̀rọ kún un.

A mọ̀ pé àwọn àgbà kan nínú òǹkàwé wa kò lè gbọ́ orúkọ Ítálì kí inú wọn dùn, wọ́n sì ní ìdí. Ní 1896, Menelik, ọba Etiópíà, ṣẹ́gun ọmọ ogun Ítálì ní Adwa. Ní 1935, Mussolini padà lọ gbẹ̀san. Ní ọdún náà ni Kwame Nkrumah ń lọ sí Amẹ́ríkà láti kàwé. Ó gba Lọ́ńdọ̀nù kọjá, ó sì rí i lára pátákó àwọn tí ń ta ìwé ìròyìn pé Mussolini ti kọlu Etiópíà. Nínú ìtàn ayé rẹ̀ tí ó kọ, ó ní ńṣe ni ó dà bí ẹni pé gbogbo ìlú náà gbógun ti òun fúnra òun. Láti 1936 di 1941 ni Ítálì fi wà ní Addis Ababa. Nígbà tí a lé wọn lọ, ẹ̀rọ kọfí wọn kò bá wọn lọ. Lónìí, ará Addis Ababa yóò wọ ilé kọfí Tomoca, tí ó ti wà láti 1953, tí orúkọ rẹ̀ pàápàá jẹ́ gígékúrú ọ̀rọ̀ Ítálì, yóò sì béèrè macchiato láìronú lẹ́ẹ̀mejì.

Ẹni tí ó bá rò pé ìtìjú ni èyí jẹ́ kò tí ì wọ ilé àwọn ará Etiópíà. Ilẹ̀ wọn ni kọfí ti ṣẹ̀. Ní ilé wọn, obìnrin ilé ni yóò fọ kóró tútù, yóò yan án lójú àlejò, yóò gbé èéfín rẹ̀ kiri kí olúkúlùkù gbóòórùn rẹ̀, yóò gún un, yóò sè é nínú ìkòkò amọ̀ ọlọ́rùn gígùn, yóò sì bu ú ní ẹ̀ẹ̀mẹta: abol, tona, baraka. Ẹni tí ó bá dìde lẹ́yìn ife kìn-ín-ní kò bọ̀wọ̀ fún onílé. Macchiato wà fún ìta, èyí wà fún ilé, ọ̀kan kò sì lé èkejì lọ. Àwọn ènìyàn yìí náà sì ni, ní 2005, tí ìjọba wọn lọ sí Amẹ́ríkà láti fi orúkọ Sidamo, Harar àti Yirgacheffe sí abẹ́ òfin gẹ́gẹ́ bí ohun ìní Etiópíà, nítorí pé àwọn oníṣòwò ń fi orúkọ wọ̀nyí ta kọfí olówó ńlá, tí ohun tí àgbẹ̀ ń rí níbẹ̀ kò sì tó nǹkan. Ọ̀rọ̀ náà di ìjà pẹ̀lú Starbucks, kí wọ́n tó fi ọwọ́ sí àdéhùn ní 2007. Ogun Adwa kejì ni àwa ka èyí sí, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé a kò yin ìbọn níbẹ̀.

Bí a bá kúrò lórí ohun mímu bọ́ sórí ohun ọ̀ṣọ́, Ítálì kan náà ni a óò tún bá pàdé. Láti ọ̀rúndún púpọ̀ sẹ́yìn ni Venice ti ń yọ́ dígí ní erékùṣù Murano, tí wọ́n ń fi ṣe ìlẹ̀kẹ̀ fún ọjà ilẹ̀ wa: aláràbarà, onílà, àti èyí tí òdòdó wẹẹrẹ kún ojú rẹ̀. Ọkọ̀ ojú omi kó o wá sí etíkun wa, wọ́n sì fi ra ohun tí wọ́n fẹ́, nígbà mìíràn ènìyàn. Ọ̀pọ̀ ìlẹ̀kẹ̀ tí àwọn arìnrìn-àjò ń rà ní ọjà Accra lónìí gẹ́gẹ́ bí ìlẹ̀kẹ̀ àtijọ́ ti Áfíríkà, Venice ni a ti ṣe é. Èyí ni ibi kan ṣoṣo tí a mọ̀ tí Ítálì ti pàdánù orúkọ rẹ̀ fún wa, a kò sì mọ̀ bóyá kí a yọ̀.

Kí ọkọ̀ wọn tó dé ńkọ́? Ní Igbó Olókun ní Ilé-Ifẹ̀, àwọn baba wa ń yọ́ dígí tiwọn láàárín ọ̀rúndún kọkànlá sí ìkẹẹ̀ẹ́dógún. Àwọn awalẹ̀pìtàn ti rí ìkòkò tí wọ́n fi yọ́ ọ àti ẹgbẹẹgbẹ̀rún ìlẹ̀kẹ̀ níbẹ̀. Àyẹ̀wò sì fi hàn pé èròjà dígí náà yàtọ̀ sí ti Yúróòpù àti ti Lárúbáwá. Wọ́n ti rí irú rẹ̀ ní Gao ní ilẹ̀ Mali. Nítorí náà, ẹni tí ó bá so ìlẹ̀kẹ̀ dígí aláwọ̀ búlúù mọ́rùn ní ilẹ̀ ọ̀dàn láyé ọjọ́un lè jẹ́ oníbàárà Ifẹ̀. Olùkọ́ tí ó bá ń kọ́ àwọn ọmọ nípa Murano tí kò sì dárúkọ Igbó Olókun, ẹ bá wa kì í nílọ̀.

Ọ̀rọ̀ alùpùpù ni a óò fi ẹsẹ̀ kan kọjá, nítorí ìlú alùpùpù ni Tamale, tọkùnrin tobìnrin ni ń gùn ún. Ilé iṣẹ́ Piaggio ní Pontedera ń ṣe ọkọ̀ òfuurufú ogun. Nígbà tí ogun parí tí bọ́ǹbù ti wó ilé náà, wọ́n ní kí Corradino D'Ascanio ṣe ohun olówó pọ́ọ́kú tí tálákà lè gùn. Ní 1946, ó gbé Vespa jáde, ìtumọ̀ èyí tí í ṣe agbọ́n, nítorí ìdí rẹ̀ wú, àárín rẹ̀ sì tín-ínrín. Ní 1948 ni ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta tẹ̀ lé e, wọ́n pè é ní Ape, èyí ni oyin. Bajaj ti ilẹ̀ India bá Piaggio ṣe àdéhùn, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí ṣe é níbẹ̀ ní nǹkan bí ọdún 1960. Nígbà tí oyin náà fò dé Èkó ní àkókò tí Buba Marwa jẹ́ gómìnà ológun, láàárín 1996 sí 1999, kò sí ẹni tí ó rántí Ítálì tàbí India mọ́: kẹ̀kẹ́ Márúwá ni. Ní Tamale, yellow-yellow ni wọ́n ń pè é, nítorí àwọ̀ rẹ̀. Ẹ rí i pé ẹnu wa kò kú sí ọ̀rọ̀ ìsọlórúkọ nígbà tí ó bá wù wá.

Ṣùgbọ́n a kò lè kúrò ní Kalpohin láìsọ̀rọ̀ òrí, nítorí níbẹ̀ ni ọ̀rọ̀ náà ti kan ará ibẹ̀ gbọ̀ngbọ̀n. Àwọn obìnrin ni ń ṣa èso òrí nínú igbó ní gbogbo agbègbè yìí. Wọn yóò sè é, wọn yóò sá a, wọn yóò pa á. Bí ó bá jẹ́ òróró ni wọ́n ń fẹ́, wọn yóò yan án, wọn yóò lọ̀ ọ́, wọn yóò sì fi omi pò ó títí apá yóò fi ro wọ́n, kí ọ̀rá rẹ̀ tó léfòó. Púpọ̀ nínú rẹ̀ kì í dúró dé ibẹ̀: kóró rẹ̀ ni a ń dì sínú àpò tí à ń kó lọ sí Yúróòpù, kí wọ́n fún un níbẹ̀, kí wọ́n fi ṣe ìpara àti ṣokoléètì. Ní 2000, àwọn orílẹ̀-èdè Yúróòpù fi ẹnu kò pé ẹni tí ń ṣe ṣokoléètì lè fi òrí tàbí ọ̀rá èso mìíràn bíi márùn-ún díẹ̀ sí i kún un, kí ó má ṣáà ju ìdá márùn-ún nínú ọgọ́rùn-ún lọ, kí ó sì máa jẹ́ ṣokoléètì síbẹ̀. Ítálì kọ̀. Òfin tirẹ̀ ni pé ohunkóhun tí a bá fi ọ̀rá mìíràn sí lẹ́yìn ọ̀rá kòkó, arọ́pò ṣokoléètì ni kí a máa pè é. Ọ̀rọ̀ náà dé ilé ẹjọ́ Yúróòpù ní Luxembourg, ní ọjọ́ 16 oṣù kìn-ín-ní ọdún 2003, ilé ẹjọ́ sì dá Ítálì lẹ́bi.

Àwa tí a ní kòkó ní Oǹdó àti ní Ìjẹ̀ṣà lè wí pé Ítálì ni ó ń jà fún wa nínú ẹjọ́ náà, nítorí bí òrí bá wọlé, ọ̀rá kòkó dín kù. Obìnrin tí ń ṣa òrí ní Tamale kò lè wí bẹ́ẹ̀. Síbẹ̀, ìwọ àti èmi mọ̀ pé kì í ṣe nítorí àgbẹ̀ wa tàbí ìkórìíra òrí ni Ítálì fi lọ sí kóòtù. Kò gbin kòkó, kò gbin òrí. Orúkọ ṣokoléètì ni ó ń ṣọ́, bí ó ti ń ṣọ́ orúkọ espresso.

Ní oṣù kẹjọ ọdún 2025, ìjọba Nàìjíríà dá kíkó kóró òrí tútù lọ sí òkè òkun dúró fún oṣù mẹ́fà, kí a lè máa fún un nílé. A kò lòdì sí i. Ṣùgbọ́n láti ti ilẹ̀kùn rọrùn ju láti kọ́ ilé iṣẹ́ sẹ́yìn rẹ̀ lọ, ẹni tí ó sì ti ṣa òrí jọ sílé tí kò rí ẹni rà á kò lè fi ìfẹ́ orílẹ̀-èdè se ọbẹ̀. Ọ̀nà Etiópíà ni ó wù wá jù, pé kí orúkọ ibi tí nǹkan ti hù wà lára rẹ̀ láti oko dé ọjà, kí òfin sì ṣọ́ ọ. Gánà ní ilé iṣẹ́ ìjọba kan, COCOBOD, tí kòkó, kọfí àti òrí jọ wà ní abẹ́ rẹ̀. Bí ẹnìkan bá fẹ́ bẹ̀rẹ̀, kò ní láti wá ọ́fíìsì jìnnà.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ náà ní Kalpohin, nígbà tí ọ̀dọ́mọkùnrin oní-cappuccino ti gun alùpùpù rẹ̀ lọ, a sọ fún mai shayi pé àwọn ará Ítálì ní orúkọ ọlọ́lá fún irú iṣẹ́ tí ó ń ṣe. Barista ni wọ́n ń pè é, àwọn kan tilẹ̀ ń lọ sí ilé ẹ̀kọ́ nítorí rẹ̀. Ó fi etí sílẹ̀ dáradára, ó sì ń po ẹyin wa nínú ife.

“Alhaji,” ni ó wí, “ṣé àwọn náà máa ń dín ẹyin?”

A ní a kò rò bẹ́ẹ̀. Ó mi orí, bí ẹni tí ń káàánú wọn, ó sì da ẹyin náà sínú òróró.